Bí Mo Ṣe Pa Ọkọ̀ Mi Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rídwàn lọ́dún yìí, ọpẹ́ kejì ló sì jẹ́ kí ojú ti èkíní. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú mi.

Ọmọ mi obìnrin, Àyànfẹ́, ló ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá. Mi ò sọ pé ọkọ̀ náà kò dára o. Ó ń mú inú tutù, kì í mu epo, ó sì ń rọra yọ́ lọ lójú títì. Ẹnu ló ní. Tí o bá ṣí ilẹ̀kùn, á ké. Tí o kò bá so bẹ́líìtì, á ké. Tí epo bá ń lọ sílẹ̀, á ké. Tí o bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí o sọ̀ kalẹ̀ lọ kí ènìyàn, á máa ké títí wàá fi padà wá bẹ̀ ẹ́. Tín, tín, tín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Agogo ló ń lé mi wọ kíláàsì, agogo ló ń lé mi jáde, agogo ló ń sọ fún mi pé ebi ti ń pa mí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì, mo sọ fún ìyàwó mi, Ọmọ́yẹni, pé kò tún sí agogo kankan tí yóò pàṣẹ fún Ọlábámijí mọ́ láyé yìí, àfi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí mo bí wá lọ ra agogo tó ní táyà mẹ́rin fún mi.

Ọ̀rọ̀ iṣu ló wá mú un dé góńgó. Mo ń ti oko bọ̀ lọ́nà Ìjàgbò lọ́jọ́ kan, búùtù ti kún, mo bá gbé àpò iṣu kan sórí àga iwájú. Bí mo ṣe ṣíná sí ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Mo so bẹ́líìtì tèmi, kò dákẹ́. Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, mo tún wọn tì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dákẹ́. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá ló yọjú wo inú ọkọ̀, ó ní, "Daddy, iṣu yín ni ò so bẹ́líìtì." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa bẹ́líìtì yí àpò náà ká tí mo sì kì í bọ ihò rẹ̀, ọkọ̀ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Báyìí ni èmi, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé tẹ́lẹ̀, ṣe gbé iṣu tó so bẹ́líìtì wọ ìlú Ọ̀fà ní ọ̀sán gangan.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Rídwàn. Ríwáyà ni, iṣẹ́ iná ọkọ̀ ló ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò rí. Mo sì nà án rí dáadáa, torí ẹ̀yìn agogo ló máa ń dé ilé ìwé.

"Rídwàn, bá mi pa á lẹ́nu mọ́."

"Èwo nínú wọn, sà?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Ti ilẹ̀kùn, ti bẹ́líìtì?"

"Ṣé ìwọ lo ń bá a gbé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ki wáyà kan bọ abẹ́ sítíárì, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ títí. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ó ní, "Iná pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì máa tàn tí bẹ́líìtì ò bá mú o, Daddy. Ẹ ṣáà máa wo iná." Mo ní ojú mi ríran, kò léwu. Mo ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ̀ ò wí nǹkan. Mo jókòó láì so bẹ́líìtì, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn débi pé mo súre fún Rídwàn, fún ìyàwó rẹ̀, fún àwọn ọmọ tí kò tíì bí, mo sì dárí gbogbo pípẹ́ tó máa ń pẹ́ dé ilé ìwé jì í.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bá mi gun ọkọ̀ tó dákẹ́ yìí. Màmá Caroline ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ó sì ń gbé nínú ilé tí bàbá mi kọ́ sí àárín ìlú. Àwọn ìyàwó ilé ń yọjú wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń dá sùn. Èmi àti àwọn àbúrò mi ti sọ ọ́ létí rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, a máa kó o wá sílé mi ni, a ò ní gba àwáwí. Ó ní kò burú, ó ní ojú òun mọ́ kedere. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í gbà kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ bá a so bẹ́líìtì, ó gbá mi lọ́wọ́ dànù.

"Èmi ni mo fi ọ̀já gbá ọ mọ́ra, Bámijí. Ìwọ kọ́ lo máa wá so mí bí ewúrẹ́."

Ihò bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì le. Ó lè mú ní ìlàjì kó tàn ọ́ jẹ. Tí o bá fà á wẹ́rẹ́, kò ní yọ, àfi tí ọkọ̀ bá gbọ̀n kó tó fò jáde. Ìyá mi á máa tì í, ọkọ̀ á máa ké, á tún tì í, títí agogo á fi dákẹ́. Nígbà náà lá rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo ti dá a mọ́lẹ̀." A ó sì máa lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mò ń wí yìí, ó fa bẹ́líìtì, ó tì í, ó sì dúró.

"Bámijí, ṣé o ti ṣíná sọ́kọ̀?"

"Mo ti ṣíná, Màámi."

"Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?"

"Mo ti ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ máa gbádùn ara yín."

"Háà," ó ní. "O ṣé."

Nígbà tí a dé ojú irin, ọlọ́kadà kan já lu iwájú mi, mo tẹ bíréèkì gì. Bẹ́líìtì ìyá mi fò jáde, ó yọ̀ síwájú, orúnkún rẹ̀ sì gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni mo tó rí iná pupa tó ti ń tàn láti ilé. Mi ò wò ó, mo rò pé òun tó jókòó síbẹ̀ ń wò ó ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi! Ṣé ẹ ò rí i pé kò mú ni?"

"Mo gbàgbé ni," ó ní.

Ìyá mi tó lè sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi ọmọ gbogbo ènìyàn ní àdúgbò, ó ní òun gbàgbé. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀ kí n ronú. Ọlọ́kadà ni mo kọjú sí, mo ń bú u títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, a kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó bá sì dúpẹ́ lónìí, á tún dúpẹ́ bílẹ̀ bá mọ́. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìyá mi ń pè mí lórí fóònù pé, "O ṣé àná o." Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó pè, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà gùn.

"O ṣé àná o. O ṣé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ṣé ti gbogbo ìgbà tí ò ń gbé mi káàkiri, Ọlọ́run á gbé ìwọ náà ga. Ó tó gẹ́ẹ́. Má ṣe ìyọnu láti wá gbé mi mọ́, màá máa gbọ́ ìsìn lórí rédíò."

"Ṣé orúnkún yín ni, Màámi?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe orúnkún mi. Mo kàn ń dúpẹ́ ni."

Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo tilẹ̀ sọ fún Ọmọ́yẹni pé inú Màámi dùn sí ọkọ̀ tí kò pariwo mọ́. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Ọpẹ́ yẹn pọ̀ jù." Mo ti dàgbà, ó yẹ kí n mọ̀ pé nílùú wa, ènìyàn lè fi ọpẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú, ìwọ á sì dúró síta, o ó máa dáhùn pé kò tọ́pẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀lé ara wọn, mo lọ gbé e, kò múra. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rédíò rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà tó wá gbàdúrà fún un, ó ní kó má wulẹ̀ padà wá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ilé tó ń pọnmi fún un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀kọ fún un. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí gidi. Báyìí ni bàbá mi ṣe ṣe. Lọ́dún tó kú, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kò sì pé oṣù mẹ́ta tí a fi sin ín. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi máa dágbére fún mi, kí èmi sì jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti gbé e níyàwó, ìyá mi ò pa Ìkórè jẹ rí. Òun ló dàgbà jù nínú Ẹgbẹ́ Ìyá, òun ló sì ń ṣáájú wọn tí wọ́n bá ń jó lọ síbi pẹpẹ. Mo sọ fún ara mi pé tó bá jáde lọ sí Ìkórè, kò ní kú. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lọ́kàn mi nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bẹ̀ ẹ́.

"Màámi, Ìkórè lọ́la o."

"Mo mọ̀. Iṣu mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ẹ bá mi gbé e lọ. Mo dúpẹ́."

"Ọpẹ́ yìí ti sú mi, Màámi!"

Ariwo ni mo fi sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbóhùn sókè sí ìyá mi rí. Kò bá mi wí. Ó kàn tẹ orí ba, ó ń ká etí ìró rẹ̀. Ojú tì mí, mo bá jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó lórí òkúta tí a fi ń fọ aṣọ, mo ń bá ara mi jà níbẹ̀.

Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ̀ síwájú. Mo rí ìyá mi nínú ọkọ̀ mi. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ ò ṣíná, ó jókòó sórí àga iwájú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó fa bẹ́líìtì, ó fi ìka wá ihò rẹ̀, ó tì í. Ó dẹ orí sílẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á pẹ̀lú agbára, bẹ́líìtì fò jáde. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójú mi.

Inú mi dùn. Mo ní Màámi fẹ́ lọ sí Ìkórè, ó kàn ń ṣe orí kunkun ni. Mo rìn lọ sí iwájú ọkọ̀, mo dúró sí ọ̀kánkán gíláàsì, mo ń rẹ́rìn-ín, mo gbé ọwọ́ sókè kí n fi kí i.

Ó gbójú sókè, ó kọjú sí mi gan-an. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo ju ọwọ́, ó tún tẹ orí ba, ó ń wá ihò bẹ́líìtì kiri. Aṣọ funfun ni mo wọ̀, oòrùn ń ràn sí mi lára, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wa. Ìyá mi ò rí mi.

Mo dúró síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá ń yé mi. Iná pupa tí mo rò pé ó ń wò, kò rí i láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé. Agogo yẹn ló ń sọ fún un pé ilẹ̀kùn kò tíì pa dé, pé bẹ́líìtì kò tíì mú, pé ó ti mú wàyí, kó fọkàn balẹ̀. Agogo ló ń bá a pa àṣírí mọ́. Bí ó bá bi mí pé, "Ṣé ó ti mú?" mo máa mọ̀ pé kò ríran, a ó sì kó o kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ó wá yàn láti jókòó sílé, kó máa dúpẹ́. Omi bọ́ lójú mi, mo sì fi apá aṣọ nù ún.

Mo rọra fi ẹ̀yìn rìn padà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, mo wúkọ́ látọ̀ọ́kán, mo tún wúkọ́. Kí n tó yọ, ó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ìwé orin mi ni mò ń wá nínú ọkọ̀," ó ní.

"Ṣé ẹ rí i, Màámi?"

"N ò rí i."

Ọ̀dọ̀ Rídwàn ni mo gbà lọ tààrà. Ó ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́.

"Rídwàn, dá a padà."

"Kí ni, sà?"

"Ẹnu ọkọ̀. Gbogbo ẹ̀. Tí o bá lè mú un ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mú un ké."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Daddy! Ta ló bẹ̀ yín?"

"Ìyá mi ló ń fi ríran."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde padà, ó sì wọ abẹ́ sítíárì. Nígbà tí agogo náà dún, mi ò mọ ìgbà tí mo di ọmọkùnrin yẹn lọ́wọ́ méjèèjì mú. Gbogbo ìre tí mo ti sú fún un lọ́jọ́ kìíní, mo tún un sú, mo wá fi ọkàn sí i. Ó ní, "Ẹ bá mi kí Màmá o, sà."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, mo bá ìyá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iṣu rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Tín, tín, tín. Ó gbé orí sókè.

"Ọkọ̀ yẹn ń sọ̀rọ̀."

"Ó ń sọ̀rọ̀, Màámi. Ó ti bàjẹ́. Rídwàn ṣe é títí, kò gbọ́."

Ó fọwọ́ wá ògiri, ó dìde. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dúró dè mí." Ó wọlé, kò sì pẹ́ rárá tó fi jáde nínú aṣọ Ẹgbẹ́ Ìyá tí wọ́n ti lọ̀, gèlè ti wà lórí. Kò sí bó ṣe lè yá tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé aṣọ náà ti wà ní títẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ṣíná. Ó ti bẹ́líìtì, ọkọ̀ ń ké, ó tún tì í, agogo dákẹ́. Mo fẹ́ gbéra, ó gbé ọwọ́ lé apá mi.

"Bámijí, ọkọ̀ yìí ò bàjẹ́."

Mo di sítíárì mú.

"O ti mọ̀," ó ní.

"Mo ti mọ̀, Màámi. Àná ni."

"Ṣé ẹ máa kó mi kúrò nílé bàbá rẹ?"

Ohùn rẹ̀ kéré. Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọmọ márùn-ún, tó ń gbá ọmọ ọgọ́ta ọdún lọ́wọ́ dànù, ó ń bi mí bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ìyẹn dùn mí ju ojú tó fọ́ lọ.

"Ẹnikẹ́ni ò ní kó yín lọ síbì kankan. Èmi àti Ọmọ́yẹni la máa wá máa sùn lọ́dọ̀ yín, tí ẹ bá gbà wá."

Ó rọra fọwọ́ pa apá mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ṣé." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, kò fi ìre kankan gùn ún, mo sì mọ̀ pé kò dágbére fún mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ náà, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, nítorí òun ló ti ń ṣe ọmọ fún ìyá mi níbi tí èmi tí ó bí ò ti ṣe é.

Bí a ṣe ń lọ, ó ń sọ fún mi. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, ó ti lé lọ́dún méjì. Òsì ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ní, bí ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ní lọ́jọ́ Ajé a máa lọ bá dókítà ojú. Ó ní ó dára, kò bá mi jà.

"Ibo la dé báyìí?"

"A ti ń súnmọ́ ojú irin, Màámi."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ìyá kan gbé igbá ọsàn. Kẹ̀kẹ́ méjì, ọ̀kan ti yọnu, wọ́n ń tì í. Àwọn ọmọ poli ń sọdá."

"Aṣọ wo ni ìyá ọlọ́sàn wọ̀?"

"Àdìrẹ, Màámi. Ó ti ṣá díẹ̀."

Ó fẹ̀yìn ti àga, ó di ojú méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Máa sọ ọ́ lọ," ó ní. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti rí Ọ̀fà."